Portsmouth: Ife-ẹ̀yẹ Lọ́wọ́ Ọ̀tún, Gbèsè Lọ́wọ́ Òsì

Portsmouth ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú èbúté kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà ti ń gúnlẹ̀ láti ayébáyé. Ọdún 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ó gba ife FA ní 1939, ó sì gba líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì léra, ní 1949 àti 1950. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí ẹgbẹ́ náà kò mú ife ńlá kankan wálé, títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí Kanu Nwankwo, ọmọ Nàìjíríà, fi góòlù kan ṣoṣo gba ife FA fún un ní pápá Wembley. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ayọ̀ yẹn, Portsmouth ti já láti Premier League dé ìsọ̀rí kẹrin, gbèsè ti gbé e dé ilé ẹjọ́, ẹni márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ti jẹ́ olówó rẹ̀ láàárín àkókò náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ tó gba ife ṣe di ẹgbẹ́ tí kò rí owó oṣù san, ìwé owó ni yóò yẹ̀ wò kó tó yẹ pápá wò.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni owó ń gbà wọlé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọ́kọ́ ni owó ìwọlé tí àwọn òǹwòran ń san lẹ́nu ọ̀nà. Èkejì ni owó tẹlifíṣọ̀n, èyí tí líìgì ń pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni owó òwò: títa aṣọ ẹgbẹ́, ìpolówó ọjà, àti owó àwọn ilé-iṣẹ́ onígbọ̀wọ́. Títa agbábọ́ọ̀lù náà ń mú owó wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí èèyàn lè gbójú lé lọ́dọọdún. Ní ti ìnáwó, owó ọ̀sẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ, owó tí wọ́n fi rà wọ́n ló sì tẹ̀ lé e. Bí ìnáwó bá ju owó tó wọlé lọ, ẹni tó ni ẹgbẹ́ ni yóò dí àlàfo náà, yálà láti inú àpò ara rẹ̀ tàbí pẹ̀lú owó tó lọ yá.

Ibi tí Portsmouth ti kù díẹ̀ káàtó kò fara sin. Fratton Park, pápá tí ẹgbẹ́ náà ti ń lò láti 1899, gba nǹkan bí 20,000 èèyàn. Old Trafford, ilé Manchester United, ń gba èèyàn tó lé ní 70,000, pápá tí Arsenal ṣí ní 2006 sì ń gba 60,000. Bí Fratton Park tilẹ̀ kún fọ́fọ́ ní gbogbo ọjọ́ ìdíje, owó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò lè sún mọ́ ti àwọn wọ̀nyẹn. Ní 2007, wọ́n gbé àwòrán pápá tuntun kan jáde, èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí etí omi. Wọn kò kọ́ ọ. Bí ẹgbẹ́ tí ilé rẹ̀ kéré tó báyìí bá fẹ́ san irú owó tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ń san, àfi kí ẹlòmíràn máa bá a san án.

Milan Mandaric, oníṣòwò tí wọ́n bí sí Yugoslavia, tó sì rí tajé ṣe ní Amẹ́ríkà, ló ra Portsmouth ní 1999, nígbà tí gbèsè ti ká ẹgbẹ́ náà mọ́. Ó gbé Harry Redknapp sípò akọ́nimọ̀ọ́gbá, nígbà tó sì di 2003, Portsmouth gbégbá orókè ní ìsọ̀rí kejì, ó sì wọ Premier League fún ìgbà àkọ́kọ́. Yakubu Aiyegbeni, ọmọ Benin City, wà lára àwọn tó gbé e débẹ̀. Àyálò ló bá dé láti Maccabi Haifa ti Ísírẹ́lì ní oṣù Kìíní ọdún 2003; Portsmouth wá fi nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn rà á pátápátá. Ní 2005, wọ́n tà á fún Middlesbrough ní mílíọ̀nù méje àbọ̀. Láàárín ọdún méjì, agbábọ́ọ̀lù kan ti jẹ góòlù fún ẹgbẹ́, ó sì ti mú èrè bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ wọlé lórí iye tí wọ́n fi rà á. Irú káràkátà bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ kékeré fi ń dúró láàárín àwọn ńlá: kó rí ẹni tí àwọn yòókù kò tíì kà sí, kó lò ó dáadáa, kó sì tà á nígbà tí ọjà rẹ̀ bá gbówó.

Ìyípadà dé ní oṣù Kìíní ọdún 2006, nígbà tí Alexandre Gaydamak, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Faransé, bá Mandaric pín ẹgbẹ́ náà ní ìdajì. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ó ra ìdajì tó kù. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ́kù díẹ̀ kó já ní 2006, nígbà tó ṣe ipò kẹtàdínlógún, di ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kẹsàn-án ní 2007 àti ìkẹjọ ní 2008. Aṣọ́lé David James dé láti Manchester City. Sol Campbell, tó ti jẹ́ ọ̀gá lẹ́yìn fún Arsenal, dé. Glen Johnson dé láti Chelsea, Sulley Muntari láti Udinese, John Utaka ọmọ Nàìjíríà láti Rennes, David Nugent láti Preston, Sylvain Distin láti Manchester City. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, Lassana Diarra àti Jermain Defoe tún dara pọ̀ mọ́ wọn. Lẹ́yìn ife FA, Peter Crouch náà wá láti Liverpool.

Portsmouth kò san owó kankan fún ẹgbẹ́ tí Kanu, Campbell àti Distin ti kúrò, torí pé ìwé àdéhùn wọn níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ti parí tàbí wọ́n ti fòpin sí i. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ìwé ìròyìn máa ń pe irú ìgbéwọlé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà ní iye tirẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tí kò sí ẹgbẹ́ tó ń gba owó lé e lórí mọ̀ pé ẹgbẹ́ tuntun ti rí owó tọ́jú, nítorí náà yóò béèrè owó ọ̀sẹ̀ tó ga àti owó ìfọwọ́sí ìwé. Aṣojú rẹ̀ náà yóò gba tirẹ̀. Bí ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá ti lé ní ọgbọ̀n, bíi ti Campbell, kò sí ẹni tí yóò tún fi owó gidi rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà mọ́. Owó tó bá jáde lórí rẹ̀ kò ní ọ̀nà tí yóò gbà padà.

Lórí pápá, owó náà so èso kíákíá. Ní ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ ìdíje FA ní oṣù Kẹta ọdún 2008, Portsmouth lọ bá Manchester United ní Old Trafford, Muntari sì fi pẹ́nálítì lé onílé síta. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Kanu ló jẹ góòlù tó lé West Bromwich Albion, ẹgbẹ́ tó ti kúrò, padà sílé. Ní ọjọ́ àṣekágbá pẹ̀lú Cardiff City, ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì, Utaka gbá bọ́ọ̀lù wọ inú láti apá ọ̀tún, ó bọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé Cardiff, Kanu sì tì í sínú àwọ̀n. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tí ife náà ti dé Portsmouth kẹ́yìn, àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì ló sì pawọ́ pọ̀ gbé e padà. Ife yìí ló mú Portsmouth wọ ìdíje UEFA Cup fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, AC Milan wá sí Fratton Park, wọ́n sì gbá ọ̀mì méjì sí méjì.

Nígbà tí wọ́n ń jó ijó ife yìí, ìwé owó ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní sáà 2007 sí 2008, owó òṣìṣẹ́ nìkan lé ní mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo owó tó wọlé sí ẹgbẹ́ náà. Ohun tó ṣẹ́kù kò tó láti san owó ríra agbábọ́ọ̀lù, èlé owó tí wọ́n yá, àtúnṣe pápá àti owó-orí. Owó Gaydamak àti ẹ̀yáwó báńkì ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà. Ọ̀rọ̀ ajé àgbáyé wá dojú rú ní ìparí ọdún 2008, àwọn báńkì sì ń béèrè owó wọn. Gaydamak kéde pé òun ń wá ẹni tí yóò ra ẹgbẹ́ náà. Redknapp ti lọ sí Tottenham ní oṣù Kẹwàá. Tony Adams tó rọ́pò rẹ̀ kò lo ju oṣù díẹ̀ lọ kí wọ́n tó yọ ọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2009, tí Paul Hart sì bọ́ sí ipò rẹ̀.

Títà ló kàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, Diarra lọ sí Real Madrid ní iye tó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n fi rà á ní ọdún kan ṣáájú. Defoe padà sí Tottenham. Nígbà tí sáà parí, Johnson lọ sí Liverpool, Crouch lọ sí Tottenham, Niko Kranjcar náà lọ síbẹ̀, Distin sì lọ sí Everton. Lójú ẹni tó ń ka iye owó títà wọ̀nyí nínú ìwé ìròyìn, ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà ti bọ́ nínú gbèsè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kì í sábà san owó agbábọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n fi ń san án díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, owó tí Portsmouth ń retí kò dé lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì ń jẹ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní owó àwọn tó ti rà. Ó dà bí ẹni tó ra ọkọ̀ ní àwìn, tó ti ta ọkọ̀ náà, tí ẹni tó tà á fún un ṣì ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní òpin oṣù. Báńkì sì wà níbẹ̀ tó ń gba èyí tó bá wọlé.

Sáà 2009 sí 2010 ni gbogbo nǹkan fọ́. Láàárín sáà kan ṣoṣo, ẹni mẹ́rin ló ni Portsmouth. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Gaydamak gbé e fún Sulaiman Al-Fahim, oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ láti Abu Dhabi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí owó oṣù kò fi jáde lásìkò, Al-Fahim sì ta ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá fún Ali al-Faraj, ará Saudi Arabia. Owó tí al-Faraj fi ṣe ẹgbẹ́ náà ni ó yá lọ́wọ́ Balram Chainrai, oníṣòwò tó fi Hong Kong ṣe ibùgbé, wọ́n sì fi Fratton Park dúró fún un. Nígbà tí owó náà kò padà, Chainrai gba ẹgbẹ́ náà ní oṣù Kejì ọdún 2010 láti fi gba ohun tí wọ́n jẹ ẹ́. Báyìí ni ẹni tó wá yáni lówó ṣe di onílé. Nínú ẹni mẹ́rin wọ̀nyí, kò sí èyí tó mú owó wá tó láti san gbèsè tó bá nílẹ̀.

Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ fara gbá a. Nígbà tí àsìkò káràkátà ń parí lọ, wọ́n kó àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ ní kánmọ́kánmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àyálò: Jamie O'Hara láti Tottenham, Frédéric Piquionne láti Lyon, Aruna Dindane láti Lens. Wọ́n ra Kevin-Prince Boateng àti Tommy Smith. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó jọ kò lè mọ ara wọn. Ìdíje líìgì méje àkọ́kọ́ ni wọ́n pàdánù léra, kí wọ́n tó borí Wolverhampton ní oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kọkànlá, Avram Grant rọ́pò Paul Hart. Owó oṣù pẹ́ kó tó jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn alágbára líìgì wá gbésẹ̀. Nítorí owó agbábọ́ọ̀lù tí Portsmouth jẹ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, Premier League fòfin dè é pé kó má ṣe forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, líìgì yọ lára owó tẹlifíṣọ̀n tó yẹ kó dé ọwọ́ Portsmouth, ó sì san án tààrà fún àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ ní gbèsè. Portsmouth kò lè rà, ṣùgbọ́n ó lè tà: Younes Kaboul lọ sí Tottenham, aṣọ́lé Asmir Begovic lọ sí Stoke City. Ọ̀rọ̀ Dindane fi ibi tí nǹkan burú dé hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó wà nínú àdéhùn rẹ̀ pé bí iye ìdíje tó bá gbá bá dé ibì kan, Portsmouth gbọ́dọ̀ rà á pátápátá lọ́wọ́ Lens. Owó kò sí. Nítorí náà, atamátàsé tó wà ní àlàáfíà, tó ti jẹ góòlù mẹ́ta nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú Wigan, jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá góòlù, títí Lens fi gbà kó tún gbá.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 2010, Portsmouth di ẹgbẹ́ Premier League àkọ́kọ́ tó bọ́ sábẹ́ alámòójútó gbèsè. Ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé, bí ilé-iṣẹ́ kò bá lè san gbèsè rẹ̀ mọ́, wọn yóò yan amòye nípa ìṣirò owó láti máa darí rẹ̀. Àwọn tó jẹ ní gbèsè kò ní lè tú u ká lójú ẹsẹ̀. Alámòójútó yóò gé ìnáwó kù, yóò wá ẹni tí yóò rà á, yóò sì bá àwọn tó ń béèrè owó ṣe àdéhùn lórí iye tí wọn yóò gbà. Òfin líìgì ní ìyà tirẹ̀: wọ́n yọ pọ́ìntì mẹ́sàn-án lára ti Portsmouth. Nínú oṣù Kẹta, òṣìṣẹ́ 85 pàdánù iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá ni wọ́n. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àti ní àyíká pápá ni.

Nígbà tí alámòójútó ka gbèsè náà jọ, ó lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn. Òfin kan wà nínú bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ máa bá líìgì lọ gbọ́dọ̀ san gbogbo ohun tó jẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn láìku kọ́bọ̀. Àwọn yòókù ni yóò pín èyí tó bá ṣẹ́kù. Nínú àdéhùn 2010, ogún pẹ́ńsì lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi lọ àwọn yòókù yìí, wọ́n sì ní ọdún mélòó kan ni àwọn yóò fi san án. Lára wọn ni àwọn oníṣòwò kéékèèké ìlú Portsmouth tó ta ọjà fún ẹgbẹ́ náà ní àwìn, àti St John Ambulance, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa ní pápá. Ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba bínú sí i. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò tọ́ kí agbábọ́ọ̀lù tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ gba owó rẹ̀ pé, kí owó ìlú sì wọlé lábọ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, adájọ́ dá ẹjọ́ wọn nù, àdéhùn náà sì dúró.

Ohun ìyanu ni pé ẹgbẹ́ tó wà nínú wàhálà yìí tún dé àṣekágbá ife FA ní 2010. Ó na Tottenham tí Redknapp ń darí ní méjì sí òdo ní ìpele tó ṣáájú. Ní Wembley, Boateng gbá pẹ́nálítì, aṣọ́lé Chelsea mú un, Didier Drogba sì jẹ góòlù kan tó gba ife lọ. Chelsea náà ló gba líìgì ní ọdún yẹn, èyí tí ì bá fún Portsmouth ní àǹfààní láti lọ sí ìdíje Yúróòpù. Wọn kò fún un ní ìwé àṣẹ, nítorí ipò gbèsè tó wà. Nínú líìgì, pọ́ìntì 19 ló fi parí nísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọn kò bá tilẹ̀ yọ mẹ́sàn-án yẹn, 28 ni ì bá ní, nígbà tí West Ham tó ṣe ipò kẹtàdínlógún ní 35. Ìyà líìgì kọ́ ló lé e jáde ní ọdún yẹn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti tà tán kò lágbára tó láti dúró.

Ìjákulẹ̀ sí ìsọ̀rí kejì mú wàhálà mìíràn dání. Owó tẹlifíṣọ̀n dínkù gidigidi, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti fọwọ́ sí nígbà tí nǹkan dára ṣì ń ṣiṣẹ́. Agbábọ́ọ̀lù kò jẹ̀bi bí kò bá fẹ́ fi owó tí wọ́n ṣèlérí fún un sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí yóò sì san iye kan náà fún un níbòmíràn ṣọ̀wọ́n. Utaka wà lára àwọn tó tètè rí ọ̀nà lọ: ó bọ́ sí Montpellier ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ó sì wà lára àwọn tó gba líìgì ilẹ̀ Faransé ní 2012. Kanu dúró títí di 2012.

Chainrai tún gba ẹgbẹ́ náà nígbà tó kúrò lábẹ́ alámòójútó ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, ó tà á fún ilé-iṣẹ́ Convers Sports Initiatives, tí Vladimir Antonov, olówó báńkì ọmọ Rọ́ṣíà, jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ìjọba Lithuania ti gba báńkì Snoras tó jẹ́ ti Antonov, wọ́n mú un ní London nítorí ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ báńkì náà, ilé-iṣẹ́ tó fi ra Portsmouth sì dẹnu kọlẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2012, ẹgbẹ́ náà bọ́ sábẹ́ alámòójútó lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún méjì. Wọ́n yọ pọ́ìntì mẹ́wàá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyà náà pa á lára gan-an: 50 pọ́ìntì tó gbá bọ́ọ̀lù fún ì bá mú un dúró, nítorí 48 ni Barnsley tó ṣẹ́kù sí ìsọ̀rí náà ní. 40 tó kù sọ ọ́ sí ìsọ̀rí kẹta.

Trevor Birch tó jẹ́ alámòójútó ní àkókò náà sọ pé bí àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá kò bá kúrò, wọn yóò ti ẹgbẹ́ náà pa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, àwọn tó kù nínú wọn gbà láti lọ lẹ́yìn ìjíròrò gígùn, lára wọn ni Tal Ben Haim, Liam Lawrence àti Dave Kitson. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù ní akádẹ́mì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n sì ń fi àdéhùn oṣù díẹ̀díẹ̀ mú àwọn àgbà kún wọn. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ jìnnà. Ní 2013, pẹ̀lú pọ́ìntì mẹ́wàá mìíràn tí wọ́n tún yọ, Portsmouth já sí ìsọ̀rí kẹrin. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó jẹun ti lọ. Àwọn ará ìlú ló ṣẹ́kù sídìí igbá.

Àwọn ará ìlú náà ló gbà á là. Pompey Supporters' Trust, ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹ́yìn, ti ń kó owó jọ. Ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn ni ìpín kan, àwọn tó lé ní 2,000 sì ra ìpín, àwọn olówó díẹ̀ láàárín wọn sì fi èyí tó tóbi kún un. Ìjọba ìlú náà yá wọn lówó. Ìjà tó gùn jù ni ti Fratton Park, tí ilé-iṣẹ́ Chainrai dì mú nítorí gbèsè rẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2013, wọ́n fẹnu kò ní ilé ẹjọ́ gíga lórí iye rẹ̀, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà sì ni Portsmouth di ti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tó tóbi tó o ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò náà tó wà lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn.

Ìlànà wọn rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti tẹ̀ lé: wọn kò ná ju ohun tó wọlé lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ náà ti bọ́ nínú gbèsè tó jogún. Wọn kò sáré ra agbábọ́ọ̀lù olórúkọ ńlá, wọ́n sì lo sáà mẹ́rin ní ìsọ̀rí kẹrin kí wọ́n tó gòkè. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà ní 2017, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Paul Cook, wọ́n na Cheltenham ní mẹ́fà sí ẹyọ kan, wọ́n sì gba ife ìsọ̀rí náà.

Agbára àwọn alátìlẹ́yìn náà ní ibi tó mọ. Fratton Park ti gbó, àtúnṣe rẹ̀ sì nílò ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù tí wọn kò lè rí láti inú owó ẹnu ọ̀nà. Ní 2017, wọ́n dìbò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì gbà láti ta ẹgbẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ Tornante ti Michael Eisner, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Disney ní Amẹ́ríkà. Iye rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́fà pọ́n-ùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín títà yìí àti àwọn ti ìṣáájú ni pé ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè ló ń ta ara rẹ̀. Ó ráyè yan ẹni tí yóò rà á, ó sì ráyè béèrè ohun tí onítọ̀hún fẹ́ ṣe. Àwọn olówó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í tún pápá ṣe, wọn kò sì kó owó lé agbábọ́ọ̀lù ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún méje ni wọ́n lò ní ìsọ̀rí kẹta. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, lábẹ́ John Mousinho, Portsmouth gba ife ìsọ̀rí náà, ó sì padà sí ìsọ̀rí kejì lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Portsmouth, pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ bíi Bury, tí wọ́n lé kúrò nínú líìgì ní 2019 nítorí ọ̀rọ̀ owó, wà lára ohun tó mú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Keje ọdún 2025, òfin tuntun kan fìdí múlẹ̀, ó sì dá àjọ olómìnira kan sílẹ̀ láti máa mójú tó àwọn ẹgbẹ́ ìsọ̀rí márùn-ún òkè. Àjọ náà ni yóò máa fún ẹgbẹ́ ní ìwé àṣẹ, yóò yẹ ẹni tó fẹ́ ra ẹgbẹ́ wò, yóò sì béèrè ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ bá ti wà ní 2009, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá tó fún àwọn tó ń ra Portsmouth léra wọn: níbo ni owó oṣù tó ń bọ̀ wà?

Ohun mẹ́ta ló so mọ́ ara wọn nínú ìtàn yìí. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n lè ná. Iye tí wọ́n ná ló ń pinnu irú àdéhùn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò gbà. Àdéhùn yẹn ló sì ń pinnu bóyá ẹgbẹ́ yóò dúró ní ọjọ́ tí owó bá dínkù. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ti wọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan kò lè tún méjì yòókù ṣe. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò lè san owó oṣù láìwo ojú ẹnì kan ṣoṣo kò tíì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bó ti wù kí ife tó wà nílé rẹ̀ pọ̀ tó.